Àdúrà Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Àmín

"Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ nínú ibẹ̀, ẹ má ṣe àmín o," ni Alùfáà Kúkọ̀yí wí fún màmá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n sọ ọ́ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ń sọ ọ́. "Bí ẹnu bá ń yún yín, ẹ fi nǹkan dí i. Ẹni tó bá ti ṣe àmín sí àdúrà, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Òfin ò tún ní bi í ní nǹkan kan mọ́."

"Àdúrà ara mi ni ẹ ní kí n má ṣe àmín sí?"

"Àdúrà ara yín ni, Ìyá Fèyí. Òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi mú ọmọ yín."

Màmá mi tún gèlè wọn wé, wọ́n fa ọ̀já funfun Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ tó wà léjìká wọn kó lè jókòó dáadáa. Mo ti bẹ̀ wọ́n nílé pé kí wọ́n má wọ aṣọ ìsìn wá. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń kọ orin kí wọ́n tó dájọ́, ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni? Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Èmi ni Fèyíkẹ́mi, àkọ́bí wọn. Moyọ̀sóore tí wọ́n tì mọ́ yàrá kejì lọ́jọ́ náà ni àbíkẹ́yìn. Àwọn tó wà láàárín wa bá ọ̀dá lọ, ní àwọn ọdún tí òjò kò rọ̀ tí odò Òkè-Àánú gbẹ di ilẹ̀ eré àwọn ọmọdé. Nítorí náà, àwa méjèèjì péré ni màmá mi ní láti máa dárúkọ nínú àdúrà òwúrọ̀.

"Ìdílé Jésùmúyìwá!" ni akọ̀wé ilé ẹjọ́ pè.

Fámúyìwá ni bàbá bàbá mi ń jẹ́ kí òfin tó yí orúkọ gbogbo ìlú padà. Wọ́n ti kú, a sì ti sin wọ́n nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n gbẹ́ orúkọ tuntun sórí sàárè wọn. Bàbá mi máa ń wí pé ẹni tó bá lè tún òkú sọ lórúkọ, kí alààyè máa ṣọ́ra fún un. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

A wọlé, a kọ orin, a jókòó. Ládìtán, agbẹjọ́rò Májẹ̀mú tó ń pe ẹjọ́ fún ìlú, jáde láti ìdí tábìlì rẹ̀ wá síwájú wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá mi lójú gbogbo ènìyàn. Màmá mi ló kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó kéré.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Tíṣà. Ṣé ara ti le?"

"A dúpẹ́, Ládìtán. Ìyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Bá mi kí wọn o."

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó sì kọjú sí adájọ́. "Adájọ́, a ti ṣe tán láti gbọ́ ẹ̀rí tí ìyá yìí jẹ́ lòdì sí ọmọ rẹ̀," ló wí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn tó fi kí màmá mi náà ló fi ń sọ ọ́. Inú bí mi.

Wọ́n gbé Etí Ilé wa, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé, sórí tábìlì. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lókè ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ibi tí gbogbo ilé ní ìlú wa ní tirẹ̀ sí. Kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ, iná kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Màmá mi nawọ́ nù ún bí wọ́n ṣe máa ń nù ún nílé kí ọlọ́pàá tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. "Wọ́n jẹ́ kí eruku bò ó," ni wọ́n ń ráhùn sí mi létí.

Kí n sọ òótọ́, màmá mi fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ pín in, wọ́n ní nítorí iná ni àti nítorí olè, àti kí ó lè pariwo bí arúgbó bá ṣubú sí balùwẹ̀. Òun ló ń rán wọn létí oògùn. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú tí èmi ti wà nílé ọkọ, tí Moyọ̀ sì ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá lóòrèkóòrè, òun ló kù tí ń ṣe àmín sí àdúrà wọn láàárọ̀. Àdúrà tí kò ní àmín, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. "Ó ń ṣe é ju bàbá yín lọ," ni wọ́n máa ń wí, "bàbá yín á ti sùn lọ kí n tó dé orí àwọn ọmọ." Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè kí ó lè gbọ́ dáadáa.

Akọ̀wé fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohùn màmá mi jáde láti inú ògiri, ohùn ìjí, ohùn tí kò tíì mu omi.

"Olúwa, mo dúpẹ́ tí mo jí. Fèyíkẹ́mi ọmọ mi, kò ní fi ojú sunkún ọmọ."

"Àmín!" ni ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà dáhùn. Àwọn obìnrin tó wá wòran náà ṣe é. Ládìtán pàápàá ṣe é, ó sì di ojú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìsìn.

"Ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ ń bá fínra, Bàbá, fọwọ́ ìwòsàn tọ́ ọ."

"Àmín o!"

Ọmọ mi ni. Ikọ́ náà kò tíì lọ. Mo ti eyín mọ́ eyín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Mo wo màmá mi. Wọ́n ti ki etí ọ̀já funfun wọn bọ ẹnu, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ orín, omi ń bọ́ lójú wọn. Láti kékeré ni ẹnu wọn ti mọ̀ pé bí àdúrà rere bá kọjá, àmín ni à ń fi tẹ̀ lé e.

Ohùn inú ògiri náà wá lọ sílẹ̀.

"Moyọ̀sóore. Olúwa, ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ òun àti Jọláolúwa, ọkùnrin bíi tirẹ̀. Mo ti rí wọn. Wọ́n jọ ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, wọ́n rò pé mo ti sùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí bàbá wọn ṣe máa ń di tèmi mú. Mi ò bá a sọ ọ́. Ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, dárí rẹ̀ jì í. Bó bá jẹ́ bí o ṣe dá a nìyẹn, ìwọ lo mọ ìdí. Ṣáà má jẹ́ kí ayé rí i, Olúwa. Bò ó láṣìírí."

"Àmín, màmá," ni ohùn Etí Ilé dáhùn nínú ògiri.

Kò sí ẹni tó ṣe àmín nínú ilé ẹjọ́. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń wo bàtà rẹ̀.

Ládìtán dìde. "Adájọ́, òfin wa kì í gba òfófó. A kì í fi ọ̀rọ̀ aládùúgbò de ènìyàn, nítorí aládùúgbò lè parọ́. Àdúrà nìkan la ń gbà, nítorí ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kì í parọ́. Jọláolúwa ti sá lọ sí òdìkejì odò. Moyọ̀sóore ló kù. Mi ò kórìíra rẹ̀. A jọ kọ orin ọmọdé ni."

Alùfáà Kúkọ̀yí fi ọ̀pá wọn ti ara wọn dìde. Àwọn ló ṣe ìrìbọmi fún Moyọ̀. Òfin gba alùfáà láyè láti bá ọmọ ìjọ rẹ̀ rojọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dán an wò.

"Adájọ́, ẹ mọ̀ mí. Mi ò wá yí ẹ̀kọ́ ìjọ padà, mo gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀ràn. Ojúkòkòrò ẹ̀ṣẹ̀ ni, ta la ti dè nítorí rẹ̀ rí? Ìgbéraga ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí a bá ní ká de gbogbo agbéraga ìlú yìí, ta ni yóò kù tí yóò ti ilẹ̀kùn?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Adájọ́, obìnrin onígíláàsì kan tí kò gbé ojú sókè láti àárọ̀, kan tábìlì.

"Obìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ lókùúta nínú Ìwé Mímọ́," ni Alùfáà ń bá a lọ, "Olúwa wa ò pe ọlọ́pàá sí i."

"Ó ní kó lọ, kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́, Bàbá," ni Ládìtán wí.

"Lẹ́yìn tí àwọn tó kó òkúta ti lọ ilé ló tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ lọ ilé ná."

Ojú Ládìtán yí padà. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é, ẹ̀rù ni, ẹ̀rù sì burú ju ìkà lọ nítorí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ rántí ọ̀dá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ sin àwọn àbúrò mi. Ẹ̀yin lẹ sin àwọn ọmọ Tíṣà. Ìgbà tí ìlú dá májẹ̀mú pé a ò ní fàyè gba ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni òjò padà. Ẹ fẹ́ kí n tú májẹ̀mú yẹn wò kí n mọ̀ bóyá òjò yóò dúró? Mo ní ọmọ nílé. Òmìnira ẹnì kan kò tó òùngbẹ gbogbo ìlú."

"Ẹni tí a fi ẹgba lé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgba ló ń sìn. Òjò sì ń rọ̀ ní òdìkejì odò, Ládìtán. Wọn ò dá májẹ̀mú kankan níbẹ̀."

Adájọ́ gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ má sọ ìyẹn níbí mọ́. Mo bẹ̀ yín." Ó wá kọjú sí màmá mi. "Àríyànjiyàn yìí ti wà kí wọ́n tó bí mi, òfin ò sì ní kí n parí rẹ̀. Ohun tó ní kí n béèrè ni bóyá àdúrà yín ni a gbọ́. Wọ́n ń bi ọmọ yín ní ìbéèrè tirẹ̀ ní yàrá kejì. Ẹ ò ní fojú kan ara yín títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi dáhùn. Ẹ lọ mu omi, kí ẹ rò ó."

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀ àti ìjókòó onígi. Màmá mi ò mu omi. Wọ́n ń tẹ́ etí ọ̀já tí wọ́n ti jẹ lórí itan wọn, kó lè nà.

"Kí ni mo ṣe?" ni wọ́n bi Alùfáà. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa gbé ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo gbé e lọ. Ọlọ́run ni mo fi ọmọ mi sùn. Mi ò fi í sun ìjọba."

Alùfáà Kúkọ̀yí ò lè wò wọ́n lójú. "Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yìí, èmi náà na ọwọ́ sókè, Ìyá Fèyí. A rò pé a ó kàn fi dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ ni, bí aṣọ àkísà tí wọ́n ń gbé kọ́ sóko fún ẹyẹ."

"Ẹ sọ ohun tí wọ́n lè ṣe báyìí," ni mo wí. Ohùn mi le. Mi ò ráyè fún ẹkún alùfáà.

"Bí wọ́n bá ní àwọn kọ́ ló sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ mọ ohùn wọn, kò ní gbà. Bí wọ́n bá ní àdúrà àwọn ni, Moyọ̀ ń lọ sí Oko Ìrònúpìwàdà lónìí. Àlàfo kan ṣoṣo ló wà." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí wọ́n ní àwọn sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò gbàdúrà. Pé kò sí Ọlọ́run tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà náà ó di ọ̀rọ̀ lásán, òfófó ni, òfin ò sì gba òfófó."

"Kí ni yóò tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?"

"Wọn yóò bọ́ ọ̀já wọn. Wọn kò ní jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ò sì ní sin wọ́n. Títí wọn yóò fi kú, bí Etí Ilé bá tún gbọ́ tí wọ́n gbàdúrà, a jẹ́ pé wọ́n parọ́ fún ilé ẹjọ́, ẹjọ́ á jí padà, wọn á mú ìyá, wọn á mú ọmọ. Ẹni tó bá ṣe àmín fún wọn yóò bá wọn lọ."

Gbogbo wa mọ Oko Ìrònúpìwàdà. Dìmẹ́jì ọmọ ilé kejì ti lọ, ó sì ti bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè rí àpá kankan lára rẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, sí ènìyàn, sí ewúrẹ́. Ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀, ó dúró létí sàárè, ó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Ẹ sẹ́ ẹ, màmá," ni mo wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọlọ́run mọ inú."

"Bó bá jẹ́ inú ló ń wò, kí ló dé tó jẹ́ ẹnu ni mo fi ń pè é láti kékeré?" Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. "Má rò pé mo ti yí padà o, Fèyí. Ohun tí Moyọ̀ ń ṣe yẹn, kò tẹ́ mi lọ́rùn, kò sì lè tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ bá Ọlọ́run jà á títí yóò fi dá mi lóhùn ni. Àárín èmi àti òun ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ta ló ní kí wọ́n wá jókòó sáàárín wa?"

Mo ń sunkún. Àwọn ò sunkún mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n so ọ̀já wọn padà, wọ́n wọlé.

Adájọ́ tún ìbéèrè náà bi wọ́n.

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn," ni màmá mi wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà."

Ládìtán ti dìde kí adájọ́ tó ṣí ẹnu. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àdúrà. Ẹ̀yin lẹ pa ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀."

"Mo kọ́ ọ, ọmọ mi."

"Ta wá ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀?"

Màmá mi wo Etí Ilé tó wà lórí tábìlì, wọ́n wo àjà ilé. "Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Kò sí ẹni tó ń gbọ́."

Àwọn obìnrin tó wá wòran mí kanlẹ̀. Iná Etí Ilé yí kúrò ní àwọ̀ ewé, ó pọ́n bí ẹyin iná. Òfin ní agbẹjọ́rò Májẹ̀mú ni kó bọ́ ọ̀já, Ládìtán sì wá bọ́ ọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń tú u. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan etí ọ̀já tó tutù, ó dúró díẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, ó wá ká a mọ́wọ́ bí aṣọ ọmọ tuntun. Mo mọ̀ pé kò wù ú láti bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ.

"Ẹ̀rí ti bàjẹ́," ni adájọ́ wí. "Ẹ mú ọmọ náà wá kí n tú u sílẹ̀."

Mo di màmá mi mú. Fún ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ti ń ro ọbẹ̀ tí mo máa sè fún Moyọ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Akọ̀wé yàrá kejì ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì tẹ̀ ba, ó sọ̀rọ̀ sí adájọ́ létí. Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì, kò sì gbé e mọ́.

"Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀," ló wí.

Moyọ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Ó ti ru, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ara rẹ̀ ni, ẹ̀rín tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n.

"Kí ló dé, Moyọ̀?" ni mo pariwo. "Kí ló dé tí o kò dúró?"

"Wọ́n sọ fún mi pé màmá lè sẹ́ Ọlọ́run nítorí mi. Mo mọ̀ wọ́n, mo mọ̀ pé wọn ò ní lè ṣe é, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó síbí kí ìbéèrè yẹn máa ya wọ́n sí méjì." Ó yíjú sí màmá mi. "Ó sì ti rẹ̀ mí, màmá. Láti kékeré ni mo ti ń wẹ̀yìn kí n tó rìn. Mo ní kí n sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu."

"Báwo ló ṣe rí?" ni màmá mi bi í.

"Ó dùn, màmá."

Ibẹ̀ ló ti rí èjìká wọn. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó wo ọwọ́ Ládìtán.

"Ọ̀já yín dà?" ló wí.

Mo rí i bó ṣe yé e díẹ̀díẹ̀, mo rí i bí ojú rẹ̀ tó mọ́ yẹn ṣe ṣú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Alùfáà Kúkọ̀yí bẹ adájọ́. Wọ́n ní ìgbà tí ọmọ ti jẹ́wọ́, kí wọ́n dá ọ̀já ìyá padà, sísẹ́ rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Adájọ́ ní bí ìyá bá ní àdúrà ni àwọn gbà tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n parọ́ níwájú òun, òun yóò sì ní láti dè wọ́n pẹ̀lú ọmọ wọn. "Ẹ mú wọn lọ ilé, Bàbá," ló wí. "Ẹ ṣàánú mi, ẹ tètè mú wọn lọ."

Ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í lọ bẹ́ẹ̀. Moyọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá mi, ó sì dorí kodò kí wọ́n lè súre fún un. Màmá mi gbé ọwọ́ lé e lórí. Etí Ilé wà lórí tábìlì, iná rẹ̀ ń wò wá. Ọwọ́ wà lórí, ètè ń mì, ohùn kò jáde. Ọlọ́pàá dúró títí, ó ń retí kí wọ́n parí, nígbà tí kò sí ohun tí yóò parí, ó fa Moyọ̀ dìde, ó mú un lọ.

Wọ́n dá Etí Ilé padà fún wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin kan gun àga, ó kàn án mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà, ó kí wa pé ó dàárọ̀. Mo sùn sọ́dọ̀ màmá mi. Àwa méjèèjì ò jẹun, a ò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní òwúrọ̀, mo wà ní kíṣìnnì, mo ń gbé omi kaná, nígbà tí mo gbọ́ tí orúnkún wọn kan ilẹ̀ ní pálọ̀. Mo mọ ìró yẹn láti kékeré. Mo sá dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti kúnlẹ̀ sídìí àga bàbá mi, ojú wọn dì. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé wọn ò gbàgbé.

"Olúwa," ni wọ́n wí, ohùn tí kò tíì mu omi. "Moyọ̀sóore ọmọ mi, bò ó láṣìírí."

Wọ́n dúró. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ kan, wọ́n á dúró fún àmín kí wọ́n tó máa lọ. Àmín ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbójú sókè, mo rí iná pupa yẹn lókè orí mi. Mo rántí ọmọ mi tó ń húkọ́ nílé, mo rántí ẹ̀rín Dìmẹ́jì. Mo gbé àmín náà mì bí ìgbà tí ènìyàn gbé egungun ẹja mì.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, màmá?" ni Etí Ilé béèrè. "Mi ò rí ẹlòmíràn nínú pálọ̀."

Màmá mi ṣíjú. Wọ́n wò ó, wọ́n wá yíjú wo èmi tí mo dúró síbẹ̀ tí ẹnu mi pa dé.

"Ara mi ni," ni wọ́n wí.

"Ó dáa, màmá. Ẹ má gbàgbé oògùn yín."